Ẹ̀rí Pé Iṣẹ́ Wà

Òru àná ni mo lá a, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fi bírò pupa yín sílẹ̀ ná, ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò ní sá lọ. Àlá ni mo fẹ́ rọ́ fún yín. Ẹ má sì bá mi wá ìtumọ̀ rẹ̀ o, ohun tójú mi rí níbẹ̀ ti tó mi.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Ó di ọdún méje báyìí tí mo ti gboyè, tí mo ti sin ilẹ̀ bàbá mi tán, tí mo sì yà síbí láti wá tẹsẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́ta péré. Ìṣirò ni wọ́n gbà mí fún. Nígbà tó yá, wọ́n fi iṣẹ́ ọ̀gbìn kún un. Nígbà tó tún yá, wọ́n fi ẹ̀kọ́ Bíbélì kún un, wọ́n ní ẹni tó bá ti mọ ìṣirò, kí ló kù tí kò ní mọ̀? Mo lọ ra Bíbélì.

Nínú àlá náà, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo jókòó sí, mo ń ṣa ẹ̀wà. Kọ́mpáàsì tí mo ti ní láti ilé-ìwé girama, èyí tá a fi ń ya òbìrìkìtì, jáde nínú páálí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mú ṣóńṣó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ kejì yí kiri ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà. Ó ní, "Ìbídùn, o ṣì jókòó? Òní ló parí o."

Kò yà mí lẹ́nu pé ó sọ̀rọ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó pè mí lórúkọ ṣákálá, kò sì kí mi kú ilé. Mo bi í pé kí ló parí. Ó ṣàlàyé pé ìjọba ti ṣe òfin tuntun: ẹnikẹ́ni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìṣirò, tí kò sì rí iṣẹ́ kan tó bá a mu, kó fara hàn lónìí ní Ilé-Iṣẹ́ Ohun Tí Ìwé Wúlò Fún. Tí aago méjì bá lù tí kò tíì rí iṣẹ́ níbẹ̀, wọn á gba ohun tí wọ́n kọ́ ọ padà.

Mo ní ṣé sàtífíkéètì mi ni wọ́n fẹ́ gbà.

Kọ́mpáàsì ní, "Ta ló ń wá sàtífíkéètì? Èyí tó wà nínú orí rẹ ni. Wọ́n ní ọdún méje lo ti ń gbé e kiri tí o ò lò ó, ẹlòmíràn lè rí i lò."

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti bà mí. Ká ní sàtífíkéètì ni, mi ò bá ti dì í sínú ọ̀rá kí n fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ti ń bu nínú àpótí ìyá mi. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí mi, mo fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, olùkọ́ wa kan kọ àwọn nọ́ńbà kan sójú pátákó, méjì, mẹ́ta, márùn-ún, méje, mọ́kànlá, àwọn nọ́ńbà tí kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè pín wọn géérégé àyàfi ení àti àwọn fúnra wọn. Ó ní wọn ò lópin. Ó ní ibi yòówù kéèyàn kà wọ́n dé, òmíràn ṣì wà níwájú. Kò mú èyí tó wà níwájú yẹn wá o. Ó kàn fi ẹ̀rí hàn wá ní ìlà mẹ́fà péré pé ó wà, ó gbọn ṣọ́ọ̀kì dànù lọ́wọ́, ó lọ jẹun ọ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ilé lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, tí ayé bá sú mi, àwọn nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń kà lábẹ́lẹ̀ títí ọkàn mi á fi rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́ nítorí wọn rí, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni wọ́n, mi ò sì fẹ́ kí ìjọba kankan gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Ni mo bá da ẹ̀wà náà sínú báàgì, mo mú kọ́mpáàsì dání. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá mi báyìí, ilé-iṣẹ́ náà ló wà níta. Ojú òfuurufú ló wà, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ lókè téńté òkè Ìkìrun níbẹ̀ yẹn, wọ́n sì fi okùn ìsáṣọ so ó mọ́ igi máńgòrò kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Fáìlì ni wọ́n tò ní àtẹ̀gùn tí èèyàn ń gùn lọ sókè, fáìlì àwọn tó ti kọ̀wé béèrè iṣẹ́. Mo tẹ tèmi mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí mo ṣe ń gùn ún. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kò sí wàhálà, ó ti mọ́ àwọn lára.

Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà bi mí pé kí ni mo kà. Mo ní ìṣirò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó pariwo pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ọpọlọ. Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n yí mi po, wọ́n wo orí mi níwá wò ó lẹ́yìn, wọ́n sì gbà pé ọpọlọ ni. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí ọpọlọ lọ dúró lẹ́yìn ìlà. Inú mi dùn pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, mo sì lọ dúró.

Ìlà wa ò rìn. Oníṣirò ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn bóyá ẹni tó wà níwájú pátápátá ni ẹni kìíní tàbí ẹni òdo. Ẹni tó wà níwájú mi ni Ọlárìndé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kàwé, òun ló mọ̀wé jù nínú gbogbo wa. Ṣájà fóònù ló ń tà ní gáréèjì báyìí, ó sì ti gbé pátákó ṣájà náà kọ́rùn wá síbẹ̀. Mo bi í pé báwo niṣẹ́. Ó ní òun ti rí ọ̀nà tí àwọn wáyà náà fi ń lọ́ mọ́ra wọn, ìlànà tó dára gan-an ni, kò kàn sí ẹni tí òun lè sọ ọ́ fún. Mo ní kó sọ ọ́ fún mi. Ó sọ ọ́, ó sì dùn mọ́ mi lóòótọ́.

Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà jáde wá bá wa. Adégòróyè lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù kan báyìí, kóòtù rẹ̀ gún régé, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà. Ẹ mọ irú wọn. Irú wọn ló máa ń wá sílé-ìwé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ la àwọn ọmọ lọ́yẹ̀ nípa iṣẹ́, tí wọ́n á sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí wọ́n á sì gba màlúù lẹ́bùn tí wọ́n bá rí i. Ó gun orí tábìlì. Ó ní kí inú wa máa dùn, pé kò sí iṣẹ́ láyé yìí tí oníṣirò ò lè ṣe. Ó ní a lè ṣe báńkì, a lè ṣe adójútòfò, a lè ṣe kọ̀ǹpútà, a lè bá ìjọba ka èèyàn, a lè bá àwọn tó ń wa epo ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi bébà gígùn, ó ń ká lé ara rẹ̀ nílẹ̀ títí ó fi bo ẹsẹ̀ wa. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ọlárìndé gbé bébà náà sókè, ó wò ó tojútẹ̀yìn, ó ní kò sí àdírẹ́sì kankan nínú rẹ̀. A ní kó dákẹ́, kó má bà á jẹ́ fún wa.

Kọ́mpáàsì rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Wọ́n sọ fún èmi náà rí pé gbogbo ayé ni mo lè yí ká. Inú páálí ni mo wà láti ìgbà náà."

Mo kọ́kọ́ lọ sí fèrèsé báńkì. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ò bi mí ní ìbéèrè kan nípa ìṣirò. Ó ní kí n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Ó mú rúlà jáde, ó fi wọn ẹnu mi láti ìhà kan dé ìhà kejì, ó ní ó fi díẹ̀ kù. Ó wá bi mí pé olówó mélòó ni mo mọ̀ tí yóò tẹ̀lé mi wá síbẹ̀. Mo rò ó dáadáa, mo ní òdo. Mo sì ṣàlàyé fún un pé òdo náà nọ́ńbà ni, pé ọ̀pọ̀ ọdún làwọn àgbà fi jà kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́, kí n bá òun kí àwọn àgbà náà. Ni rúlà ọwọ́ rẹ̀ bá na ara rẹ̀ jáde lójú fèrèsé, ó di ọ̀nà, mo sì rìn lórí rẹ̀ láti ení dé ọgbọ̀n. Ibi tí ọgbọ̀n wà gan-an ni fèrèsé adójútòfò.

Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn kí aburú tó ṣẹlẹ̀ sí i, wọ́n sì máa ń fẹ́ mọ ìgbà tí olúkúlùkù yóò kú. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n fi ìyá àgbà kan dánra wò, kí n ṣírò tirẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ wéré. Mo sọ fún ìyá náà pé ní ìpíndọ́gba, ó ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìyá yìí wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ta ni wọ́n ń pè ní ìpíndọ́gba? Èmi ni Ṣadé ọmọ Olúkòtún. Tó bá ti kú, kí Ọlọ́run bá mi tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

Ọ̀gá náà ní ìṣirò mi dára púpọ̀, pé ìyá náà ni kò mọ̀wé. Ó ní àwọn máa gbà mí tí mo bá kún ojú òṣùwọ̀n méjì. Ìkíní, mi ò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ìkejì, mo gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹlòmíràn ì bá bú u. Èmi yọ bébà jáde, mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ní kò burú, pé ó túmọ̀ sí pé mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n tó bí mi, àti pé èyí ṣeé ṣe bí wọ́n bá gba àwọn nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo láàyè. Ó ní àwọn gbà wọ́n láàyè dáadáa, ilé-iṣẹ́ àwọn kì í ṣe ẹlẹ́tanú, kí n sáà mú ìwé wá láti ọwọ́ ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo ní ìyá mi ò tíì mọ bàbá mi nígbà náà. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ àwọn, ó sì ti fèrèsé.

Mo fẹ́ padà sórí ìlà, ṣùgbọ́n abẹ́ igi kan ni mo bá ara mi, lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn bàbá mẹ́fà tó ń ta lọ́tò ló jókòó tì mí, wọ́n na ìwé sí mi, wọ́n ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà méjì péré tó dájú. Ìyẹn kì í ṣe àlá rárá, ẹ̀yin náà ti rí wọn tí wọ́n ń dúró dè mí ní ọ̀nà ọjà. Mo sọ fún wọn bí mo ṣe máa ń sọ fún wọn lójú ayé pé kò sí nọ́ńbà tó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Kí lo wá ń kà fún ọdún mẹ́rin?" Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó ṣàánú mi lóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí ju ti báńkì lọ. Bẹ́ǹṣì náà gbé gbogbo wa, ó fò padà sókè.

Nígbà tí mo máa débẹ̀, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń di ewúrẹ́. Láti orí akọ̀wé kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń tẹ̀wé ló kọ́kọ́ di ewúrẹ́, ó ń fi pátákò tẹ̀wé lọ, kò sì tẹ àṣìṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin báńkì, rúlà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí ìlà, nítorí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri pé ìyípadà òṣìṣẹ́ yóò wáyé láti aago méjì ku ogún. Ọ̀gá Adégòróyè ló di tirẹ̀ kẹ́yìn. Òbúkọ ló dà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, bó ṣe wà náà ló ṣe wà. Nígbà tí òórùn òbúkọ gba ọ́fíìsì, akọ̀wé kan sọ fún wa pé lọ́fíńdà tuntun tí ọ̀gá rà bọ̀ láti òkè òkun ni. A fín in símú, a ní ó dára.

Wọn ò tilẹ̀ dúró de aago méjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ̀ padà. Ọlárìndé ló kàn. Òbúkọ ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sí etí rẹ̀, ó fà, ó jẹ, ó gbé e mì. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ó wá bi í pé kí ni méje lọ́nà mẹ́jọ. Ọlárìndé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀nà ibo?" Ó gbé pátákó ṣájà rẹ̀ kọ́rùn, ó sọ̀kalẹ̀ lọ, àwọn wáyà náà lọ́ mọ́ra wọn lọ́rùn rẹ̀, kò tilẹ̀ wò wọ́n mọ́. Kí n má parọ́, ojú rẹ̀ dán, ó jọ ẹni tára rẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà, irú rẹ̀ kò bà mí rí.

Òbúkọ yíjú sí mi. Ó ní, "Ìbídùn, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Gbogbo ibi tí mo ti kọ̀wé sí ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè yìí láti ọdún méje, mi ò sì tíì dáhùn rẹ̀ rí. Ìtìjú máa ń mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti lé ìtìjú lọ. Mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ewúrẹ́ kan, mo kọjú sí pátákó, mo ní kí wọ́n wò mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbà pé kò sí iṣẹ́ kankan fún mi láyé yìí. Tí kò bá sí lóòótọ́, a jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá fi ẹ̀rí hàn pé kò sí. Ta ló sì ń fi ẹ̀rí hàn? Oníṣirò. Ìyẹn gan-an, iṣẹ́ ni, ó sì bá mi mu. Kò wá lè jẹ́ pé kò sí. Nítorí náà, iṣẹ́ wà."

Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń sunkún. Ẹnì kan ní òun ò rí ẹ̀rí tó mọ́ tónítóní báyìí láti ìgbà tí òun ti gboyè. Òbúkọ náà mi orí, ó ní òun gbà, iṣẹ́ wà. Ó ní, "Níbo?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ohun tí mo ṣe. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo dá a lóhùn pé níbo kọ́ ni ìbéèrè, pé ní ẹ̀ka tiwa, bí èèyàn bá ti fi ẹ̀rí hàn pé nǹkan wà, ó ti ṣe tán, ẹni tó bá ń wá ibi tó wà kó lọ bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi tún pàtẹ́wọ́. Òbúkọ ò bá mi jà. Ó ti pátákò rẹ̀ bọ inú yíǹkì, ó lù ú mọ́ bébà kan, ohun tó wà lára òǹtẹ̀ náà ni "Ó WÀ". Ó fún mi, ó ní kí n máa lọ. Mo tẹrí ba, mo gbé ẹ̀wà mi, mo sì ń lọ ní tèmi. Inú mi dùn gan-an, bí inú òmùgọ̀ ṣe máa ń dùn.

Mo ti dé fáìlì kẹta lórí àtẹ̀gùn kí kọ́mpáàsì tó sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ibo là ń lọ. Mo ní ilé. Ó ní, "Ilé ni ibi iṣẹ́ náà?"

Mo dúró. Mo wo bébà ọwọ́ mi níwá lẹ́yìn. Mo sáré padà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe débẹ̀ ni òbúkọ já bébà náà gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń jẹ ẹ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Mo ní mo ti wá béèrè ibi tó wà o. Ó ní ó ti pẹ́ jù, àwọn á kàn sí mi. Aago méjì lù. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ẹnu sí etí mi.

Méjì ló kọ́kọ́ jáde. Òbúkọ gbé e mì. Mẹ́ta jáde, ó gbé e mì. Márùn-ún, méje, mọ́kànlá. Ó ń dùn mí, kì í ṣe etí ló ń dùn mí. Nígbà tó dé mọ́kàndínlógún, mo ti ń sunkún gidi, nítorí mo mọ ọjọ́ tí mo rí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ní mọ́kànlélógójì, ó dúró, ó mí, ó ní ṣé ó kù. Mo ní ó kù. Ó tún fà. Ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ikùn rẹ̀ ti ń wú, ó tún bi mí pé ṣé ó ṣì kù. Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́ ẹkún. Mo rántí ìlà mẹ́fà tí olùkọ́ wa kọ sójú pátákó.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ máa fà á lọ. Wọn ò lópin."

Ó rò pé mo ń parọ́. Àwọn ọ̀gá ò gbà pé nǹkan kan wà tí wọn ò lè jẹ tán. Ó fà á dé ẹgbẹ̀rún, ó fà á kọjá ibẹ̀, òógùn bò ó, irùngbọ̀n rẹ̀ rin gbingbin, ikùn rẹ̀ sì tóbi ju tábìlì lọ. Aago mẹ́ta lù, aago mẹ́rin lù. Ọ́fíìsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó ń tẹ̀ sápá kan. Mo gbọ́ tí okùn ìsáṣọ ń dún. Mo sọ fún un pé èyí tó ń bọ̀ tóbi o. Ó la ẹnu láti gbà á, okùn já, gbogbo wa sì já bọ́, tòun ti tábìlì, tòun ti fèrèsé, tòun ti ẹ̀wà mi.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bọ́ sí. Ilẹ̀ ti mọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo kà wọ́n: méjì, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Wọ́n wà níbẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́wọ́ ni ìyá mi wọlé, ó ń tún gèlè rẹ̀ so bó ṣe ń wọlé. Ó ti lọ sí àdúrà àárọ̀, ó sì ti dé.

Ó ní, "Ìbídùn, dìde. Ọlọ́run ti ṣe é. Alàgbà Olójèdé ní iṣẹ́ wà."

Mo ní, "Níbo, Màámi?"

"Ó ní iṣẹ́ wà."

"Mo gbọ́ ọ, Màámi. Níbo?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ara mi gbóná. Ó ní wọ́n ní iṣẹ́ wà, mò ń bi òun pé níbo, ṣé kí wọ́n gbé e wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí wọ́n ti mú irú ìròyìn yìí wá bá mi láàárín ọdún méje, èmi á dúpẹ́, èmi á kúnlẹ̀, èmi á sì padà sùn. Láàárọ̀ yìí, mo wọ aṣọ mi, mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú, ó di ilé Alàgbà.

Iwájú ilé la ti bá a, ó jókòó sórí ìjókòó pákó, ó ń run orín. Ìyá mi kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. Mo ní wọ́n ní ẹ ní iṣẹ́ wà, sà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà, ilé-iṣẹ́ ńlá ni, oníṣirò gan-an ni wọ́n sì ń wá. Mo ní níbo ni, sà, kí n lè tètè lọ. Alàgbà tẹjú mọ́ ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnu rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, ó ń lọ sọ́tùn-ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ń bá a lọ. Nígbà tó yá, ó gbé nǹkan mì.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo ní ó wà. Àbí o ò nígbàgbọ́ ni?"

Ìyá mi ṣe àmín. Èmi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá pátákò ni. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ mọ́jú, bàtà òjò ló wọ̀, ó ga dé orúnkún, mi ò sì lè fi ẹ̀rí ohunkóhun hàn.